Ta ló máa sanwó ẹni tí ò lówó lọ́wọ́? Ìṣẹ̀lẹ̀ lábù PPP kan l'Óṣogbo

Ẹ jẹ́ n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ kí n tó gbàgbé àwọn ibi tó ṣe pàtàkì nínú ẹ̀, torí mo ti rí i pé tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ PPP, ìyẹn àdéhùn tí ìjọba àti aládàáni jọ fi ń ṣiṣẹ́, lórí ètò ìlera ní Nàìjíríà, ọjọ́ tí wọ́n gé ríbọ́n ni ìròyìn máa ń parí, kò sẹ́ni tó ń padà lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ. Mi ò ní dárúkọ ọsibítù, mi ò sì ní dárúkọ kọ́ńpìnnì tó wá bá a ṣe lábù ẹ̀. Ọsibítù ìjọba ni, Òṣogbo ló wà, kì í ṣe kékeré. Èmi wà lára àwọn tó ń jókòó nípàdé àwọn méjèèjì, èmi ni mo máa ń kọ ohun tí wọ́n bá fẹnu kò lé lórí, torí náà mi ò ṣe tọ́sibítù, mi ò ṣe ti kọ́ńpìnnì.

Kí àdéhùn tó dé, lábù yẹn ò kú, kò sì yè. Tó bá jẹ́ PCV tí wọ́n fi ń mọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára ni, wọ́n á ṣe é. Màléríà, wọ́n á wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ìtọ̀, genotype, blood group, gbogbo ìyẹn ò sí wàhálà. Àmọ́ kí dókítà kọ E/U/Cr tí wọ́n fi ń mọ̀ bí kídìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, tàbí LFT ti ẹ̀dọ̀, tàbí kó tiẹ̀ kọ FBC lásán, ìyẹn kíka ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ìdáhùn ò ju méjì lọ, "ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́" tàbí "reagent ti tán, ẹ lọ ṣe é níta." (Reagent ni kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe tẹ́ẹ̀sì.) Ẹ̀rọ wà níbẹ̀ o. Ẹ̀rọ ńlá, tí wọ́n fi ọ̀rá bò, tí eruku tún ti bo ọ̀rá náà. Ṣe ni wọ́n fi ta ọsibítù lọ́rẹ, inú gbogbo èèyàn dùn lọ́jọ́ yẹn, àfìgbà tí reagent tó bá a wá tán tí wọ́n wá rí i pé ẹ̀rọ yẹn ò gba reagent míì yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, tí iye tí wọ́n sì ń tà á ju owó tí ọsibítù ń rí lórí tẹ́ẹ̀sì náà lọ. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ìjọba mọ irú ẹ̀rọ tí mò ń sọ.

Níta géètì ńkọ́? Ọjà ni. Tẹ́ ẹ bá ti mú pépà dókítà jáde báyìí, ọmọkùnrin kan á ti dúró síbẹ̀, "Màámi, ẹ mú un wá, kíá lẹ máa gba èsì." Àwọn kan nínú àwọn lábù ìta yẹn ń ṣiṣẹ́ gidi, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Àwọn míì, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ èèyàn ṣe. Ẹni tó kọ pépà náà sì ní ìpín tiẹ̀ níbẹ̀ tílẹ̀ bá ṣú. Kì í ṣe gbogbo dókítà, kì í ṣe gbogbo nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ tó láti fi rí àwọn tí ò ní fẹ́ kí lábù inú ilé jí dìde. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo ṣì ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Kí ló dé tí ìjọba ò kàn ra reagent? Owó ni. Ní 2001 àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà jókòó l'Ábùjá, wọ́n ní àwọn á máa fi ìdá 15 nínú 100 bọ́jẹ́ẹ̀tì wọn sórí ìlera, Nàìjíríà tó gbàlejò ìpàdé yẹn gan-an ò tíì dé ibẹ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀. Tí owó bá tiẹ̀ wá jáde, ó máa ń pẹ́, reagent ò sì mọ pé fáìlì ṣì wà l'Ábẹ́rẹ́, ní sẹkitéríàtì ìjọba ìpínlẹ̀. Nítorí ẹ̀ ni PPP fi ń wu àwọn ọsibítù. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, ọsibítù Garki l'Ábùjá wà lọ́wọ́ aládàáni láti 2007, ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tó wà ní LUTH, ọsibítù Yunifásítì Èkó, tí wọ́n ṣí ní 2019, owó NSIA, àjọ tó ń bá ìjọba àpapọ̀ fowó dókòwò, ni wọ́n fi kọ́ ọ, mílíọ̀nù 11 dọ́là. Tiwa ò tóbi tó bẹ́ẹ̀ rárá, lábù lásán ni, ṣùgbọ́n ìṣòro ẹ̀ ò kéré sí tiwọn.

Àdéhùn ọdún 5 ni. Kọ́ńpìnnì tó ti Ìbàdàn wá máa kó ẹ̀rọ wá, máa ra reagent, máa de sólà mọ́ òrùlé lábù, á sì mú àwọn sáyẹ́ǹtíìsì ọ̀dọ́ tiẹ̀ wá kún àwọn tí ọsibítù ti ní. Ọsibítù máa yọ̀ǹda ilé, omi, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn aláìsàn. Nínú gbogbo 100 owó tó bá wọlé, kọ́ńpìnnì á mú 70, ọsibítù á mú 30. Ìwé yẹn nípọn o. Lọ́yà ọ̀tún lọ́yà òsì ló kà á. Wọ́n kọ irú ọ̀dà tí wọ́n máa kùn sára ògiri síbẹ̀, wọ́n kọ ìwọ̀n pátákó tí wọ́n máa gbé síwájú lábù. Ṣùgbọ́n ẹ wá a títí, ẹ ò ní rí ibi tí wọ́n ti kọ ẹni tó máa sanwó aláboyún tọ́sibítù sọ pé kó má sanwó, ẹ ò ní rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí dọ́là bá gbówó lórí, ẹ ò sì ní rí bí owó ìnṣọ́ránsì ṣe máa dé ọwọ́ kọ́ńpìnnì.

Oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, àfi bí àjíǹde. Èsì ń jáde lọ́jọ́ kan náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí pépà tó mọ́, àwọn dókítà tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n ti ń fojú díwọ̀n kídìnrín tẹ́lẹ̀ wá ń rí nọ́ńbà. Àwọn ará Ìgbóná àti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tí wọ́n máa ń gba ọ̀dọ̀ agbo lọ tààrà tí wọ́n bá ti sọ pé kí wọ́n lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì níta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Àwọn ọmọkùnrin géètì dínkù. Kọ́mísánà wá, wọ́n ya fọ́tò.

Ó wá di June 2023, ìjọba jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara ẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi N470 ní báńkì kọjá N750 láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tó fi máa di February 2024 ó ti lé ní N1,500. Reagent kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe ní Ìkìrun, òkè òkun ló ti ń wá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ kó yé wa. Ká ní tẹ́ẹ̀sì kan jẹ́ N5,000. Ọsibítù mú N1,500, ó ku N3,500 fún kọ́ńpìnnì. Ká ní reagent, owó òṣìṣẹ́ àti àtúnṣe ẹ̀rọ lórí tẹ́ẹ̀sì yẹn ń jẹ́ N2,800, kọ́ńpìnnì jèrè N700. Kí ìnáwó yẹn wá di N4,200, kọ́ńpìnnì ń pàdánù N700 lórí gbogbo èèyàn tó bá wọlé. Ọsibítù ńkọ́? N1,500 tirẹ̀ ṣì ń wọlé pé pérépéré. Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró wò nìyẹn o. Nínú àdéhùn tí wọ́n bá pín owó látòkè kí wọ́n tó yọ ìnáwó, iná lè máa jó aláàbáṣe yín kẹ́ ẹ má tiẹ̀ gbóòórùn èéfín. Kì í ṣe pé ọsibítù burú, kò dùn wọ́n ni. Kọ́ńpìnnì kọ lẹ́tà pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn fowó lé e, ìgbìmọ̀ ní àwọn máa gbé e yẹ̀ wò, alága rin ìrìn-àjò, wọ́n sún ìpàdé síwájú, ẹnì kan ní kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mínísírì. Lẹ́tà kejì lọ. Ìkẹta.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í "bàjẹ́."

Kò sẹ́ni tó sọ pé àwọn ò ṣe mọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni "reagent ò tíì dé," "íńjínníà ń bọ̀ láti Ìbàdàn lọ́la." Àwọn dókítà ń bínú, wọ́n ń sọ pé bí gbogbo nǹkan Nàìjíríà ṣe máa ń parí nìyẹn. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, ta ló fẹ́ mọ èyí tínú ń run? Dókítà ọmọbìnrin kan ní wọ́ọ̀dù ọkùnrin ló jẹ́ kó yé wa. Ó lẹ pépà kan mọ́ ògiri ibi tí wọ́n ń jókòó sí, lójoojúmọ́ ló ń fàmì sí tẹ́ẹ̀sì tí lábù bá ní kò sí. Kò ṣe é nítorí ìpàdé kankan, ó kàn sú u láti máa rán àwọn mọ̀lẹ́bí aláìsàn lọ kí wọ́n tún padà wá lásán ni. Nígbà tó gbé pépà náà wá, ẹni tó bá lójú á rí i. FBC ò bàjẹ́ rí. Màléríà ò bàjẹ́ rí. E/U/Cr àti LFT ló ń "bàjẹ́" ṣáá, HbA1c ti àwọn onítọ̀ ṣúgà náà ò gbẹ́yìn, àwọn tẹ́ẹ̀sì tí reagent wọn wọ́n jù ní kọ́ńpìnnì ń sá fún. Ẹ̀rọ wo ló máa ń mọ èyí tó lérè kó tó bàjẹ́?

Ohun àkọ́kọ́ tọ́sibítù ṣe ni pé wọ́n kọ ìwé ìkìlọ̀. Kọ́ńpìnnì fèsì pẹ̀lú ìwé tiwọn. Ìyẹn ò yanjú nǹkan kan, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ohun kejì ni pé wọ́n ní kí àwọn ọ̀dítọ̀ wá. Àwọn yẹn lo ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ka rísíìtì, wọ́n ka kọ̀ǹpútà, wọ́n ní gbogbo ẹ̀ bára mu. Bó ṣe máa bára mu náà nìyẹn, rísíìtì kọ́ńpìnnì ni wọ́n fi yẹ kọ̀ǹpútà kọ́ńpìnnì wò! Ẹni tó fowó lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ nínú yàrá tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀, ẹni tí dókítà rán sí lábù tó wá lọ síta, kò sí ibi tí wọ́n ti máa rí wọn nínú ìwé. Mo sọ ọ́ nígbà yẹn, mo ṣì ń sọ ọ́ báyìí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí PPP lábù ṣe ń lọ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí owó. Ẹ ka iye tẹ́ẹ̀sì tí dókítà kọ ní wọ́ọ̀dù, ẹ wá ka iye èsì tó padà sí fáìlì aláìsàn. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì nìṣẹ́ yín wà.

Ọ̀rọ̀ wá bẹ́ lóru ọjọ́ kan.

Wọ́n gbé aláboyún kan dé láti hẹ́lù sẹ́ńtà kan lẹ́bàá ìlú, ẹ̀jẹ̀ ń ya lára ẹ̀. Obìnrin yìí ní ìnṣọ́ránsì o, hẹ́lù sẹ́ńtà ti gba kóòdù fún un, ó wà nínú lẹ́tà tó mú dání. Ẹni tí ò bá mọ bó ṣe ń lọ, hẹ́lù sẹ́ńtà máa ń gba iye kan lóṣooṣù lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan tó bá wà lábẹ́ ẹ̀, yálà ẹni náà wá o, kò wá o. Tí wọ́n bá wá gbé aláìsàn sí ọsibítù ńlá, kóòdù yẹn ni ọsibítù fi máa gba owó iṣẹ́ tó bá ṣe lọ́wọ́ ìnṣọ́ránsì. Gbogbo ẹ̀ pé. Lábù ní kí wọ́n lọ sanwó kí àwọn tó ṣe crossmatch, tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fà sí i lára bá tiẹ̀ mu. Ọkọ ẹ̀ sáré jáde lọ wá POS, aago kan òru, ó rìn dé Ọláìyá kó tó rẹ́ni tó dá a lóhùn. Mátírọ̀n tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ò dúró dè é, ó bọ́ sọ́nà lábù fúnra ẹ̀, ó ju káàdì ATM tiẹ̀ sórí tábìlì wọn, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà yè, ọmọ náà yè.

Ìpàdé ọjọ́ Friday tó tẹ̀ lé e, mátírọ̀n yìí ò jókòó. Mánéjà kọ́ńpìnnì, ọmọkùnrin tí ò ju ọmọ bíbí inú ẹ̀ lọ, jókòó síwájú ẹ̀. Mátírọ̀n ní, "Ọmọ mi, bó o ṣe wà yìí, ṣé wọ́n ti ń bímọ nílé yín? Kóòdù wà lọ́wọ́ obìnrin yẹn, kí lẹ tún fẹ́?" Ọmọkùnrin náà dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú mà. Látìgbà tá a ti bẹ̀rẹ̀ ni a ti ń ṣe ti ìnṣọ́ránsì, a ò tíì rí kọ́bọ̀ kan níbẹ̀. Àwa la ní kí wọ́n máa gba káàṣì lóru, torí a ò lówó tá a máa fi ra reagent mọ́ mà."

Gbogbo ilé yíjú sí akáǹtáǹtì ọsibítù.

Bàbá yẹn bọ́ awò ojú ẹ̀, ó ní owó ìnṣọ́ránsì ń dé. Àmọ́ lápapọ̀ ló ń dé, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mẹ́rin, gbogbo iṣẹ́ tọ́sibítù ṣe nínú ẹ̀, owó ibùsùn, oògùn, iṣẹ́ abẹ, lábù, wọ́n á kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú iye kan ṣoṣo, kò sí bí òun ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ti lábù nínú ẹ̀. Ọsibítù ni ìnṣọ́ránsì bá ṣàdéhùn, wọn ò mọ kọ́ńpìnnì kankan rí. Òun sì ti ná an, ó fi sanwó ìmọ́tótó, ó fi ra oògùn. Kò jí i gbé, jàre.

Mi ò rò pé mo tíì rí ìpàdé tó parọ́rọ́ tó yẹn rí. Láti bí oṣù mélòó kan ni ẹgbẹ́ kan ti ń pe ẹgbẹ́ kejì lólè, ẹgbẹ́ kejì ń pè wọ́n ní agbówóṣeré, ó wá di pé ìlà kan tí ò sí nínú ìwé ìṣirò ló fà á. Òfin 2022 tó dá NHIA, àjọ ìnṣọ́ránsì ìlera ìjọba àpapọ̀, sílẹ̀ ti sọ ìnṣọ́ránsì ìlera di dandan lórí ìwé. Owó BHCPF, àpò owó ìtọ́jú ìlera ìpìlẹ̀, tó jáde látinú òfin ìlera 2014, tó yẹ kó jẹ́ ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 àpò ìjọba àpapọ̀, ìdajì ẹ̀ ló yẹ kó gba ọ̀dọ̀ ìnṣọ́ránsì dé ọ̀dọ̀ tálákà. Ìyẹn ni pé bọ́dún ṣe ń gorí ọdún, owó tó ń gba ojú fèrèsé káṣíà wọlé á máa dínkù, èyí tó ń gba inú kíléèmù, ìwé tọ́sibítù fi ń béèrè owó lọ́wọ́ ìnṣọ́ránsì, á máa pọ̀. Àdéhùn PPP tó jẹ́ káàṣì nìkan ló mọ̀ á dà bí ẹni tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sójú ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ dí pa.

Látìgbà náà ni iṣẹ́ gidi tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ìlà lábù sínú fọ́ọ̀mù kíléèmù, akọ̀wé kan wà tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Ọsibítù sì gbà láti máa san apá kan ìpín kọ́ńpìnnì sílẹ̀ lóṣooṣù kí owó ìnṣọ́ránsì tó dé, tó bá dé wọ́n á yọ ọ́. Akáǹtáǹtì kọ̀ jálẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó ní òun ò ní lọ sẹ́wọ̀n nítorí lábù, àfìgbà tí wọ́n bá a gba ìwé àṣẹ láti mínísírì. Ẹ má bá a wí, irú akáǹtáǹtì bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́.

Lórí iye owó, wọ́n pín tẹ́ẹ̀sì sọ́nà méjì. Àwọn kan wà tí ò gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró láé, PCV, blood group àti crossmatch, màléríà, ṣúgà, E/U/Cr, FBC. Tí ọ̀kan nínú wọn bá dúró ju wákàtí 24 lọ, kọ́ńpìnnì á gbé sáńpù náà lọ síbi tí wọ́n ti lè ṣe é, owó ara ẹ̀ ni. Àwọn tó kù, wọ́n lè sọ pé kò sí, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ọ́ ní gbangba, kí wọ́n kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Fún owó, lóṣù mẹ́ta mẹ́ta ni kọ́ńpìnnì á mú ínfọ́ìsì reagent wá, iye tó bá fi lọ sókè tàbí wálẹ̀ ni wọ́n á fi tún owó tẹ́ẹ̀sì ṣe, kò gbọ́dọ̀ dúró de ìpàdé ìgbìmọ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n kúkú máa yọ ìnáwó kí wọ́n tó pín. Èmi ò fara mọ́ ọn, mo ṣì dúró lórí ẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ yọ ìnáwó kọ́kọ́, ìnáwó ò ní tán láé, mọ́tò mánéjà náà á di ìnáwó. Kí wọ́n pín látòkè, kí owó tẹ́ẹ̀sì máa tẹ̀ lé ínfọ́ìsì, ìyẹn ló sàn.

Ti òru, wọ́n ya owó kékeré kan sọ́tọ̀, ọsibítù mú wá, kọ́ńpìnnì náà mú wá. Nọ́ọ̀sì tó bá ń ṣe olórí wọ́ọ̀dù lóru lè fọwọ́ sí pépà pupa kan, lábù ò gbọ́dọ̀ béèrè ohunkóhun mọ́, ilẹ̀ á mọ́ kí wọ́n tó máa wá ẹni tó máa sanwó. Ẹ̀rù bà wọ́n pé gbogbo èèyàn á di pépà pupa. Ó ṣẹlẹ̀ díẹ̀, ẹnì kan fọwọ́ sí i fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó wá ṣe tẹ́ẹ̀sì ọdọọdún. Mátírọ̀n bá a sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn, kò tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti bàbá lábù, torí òun ni kò sẹ́ni tó ń kà á kún. Ọ̀gá àwọn sáyẹ́ǹtíìsì ọsibítù ni, ó ti pẹ́ níbẹ̀ ju gbogbo wa lọ. Nígbà tí kọ́ńpìnnì dé, wọ́n kàn tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Àwọn ọmọ tí kọ́ńpìnnì kó wá ń gba owó tó ju ti àwọn tí bàbá yìí tọ́ lọ, yàrá kan náà ni wọ́n wà, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Inú wọn ò dùn, sáńpù ń pẹ́ kó tó dé orí ẹ̀rọ, orúkọ ń ṣàṣìṣe. Ní Lesotho, níbi tí wọ́n ti ṣe PPP ọsibítù ńlá tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí, tí wọ́n ṣí ní 2011, ìjà owó ló fọ́ ọ ní 2021, àwọn nọ́ọ̀sì ní kí owó àwọn bá ti ẹgbẹ́ àwọn níbòmíì mu, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, kọ́ńpìnnì lé wọn, ìjọba sì fagi lé àdéhùn náà. Tiwa ò dé ibẹ̀, nítorí ohun kan ṣoṣo. Èsì lábù ò lè jáde láìsí ẹni tó ní ìwé àṣẹ MLSCN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ lábù ní Nàìjíríà, tó dúró fún un, bàbá yìí sì ni. Lọ́jọ́ kan ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní òun ò fọwọ́ sí èsì ẹ̀rọ tí wọn ò jẹ́ kóun rí QC rẹ̀ láàárọ̀, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá òótọ́ ni ẹ̀rọ ń sọ. Ó dákẹ́, kò pariwo, ó jókòó ó ń ka ìwé ìròyìn. Àwọn èsì kó jọ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló máa máa wo QC lárààárọ̀, pé apá kan nínú ìpín 30 tọ́sibítù ń mú á máa lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ lábù tọ́sibítù gẹ́gẹ́ bí àjẹmọ́nú. Àṣìṣe orúkọ dínkù kíákíá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ àdéhùn, ẹ wá bàbá yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, kò sí ọsibítù tí ò ní ẹnì kan bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọkùnrin géètì? Wọ́n ṣì wà. Ohun tó dín wọn kù jù ni pé wọ́n gbé gbogbo owó sí ojú fèrèsé kan, dókítà á kọ tẹ́ẹ̀sì sínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà á jáde, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi máa sanwó, òun náà ni lábù máa rí. Tí tẹ́ẹ̀sì tí dókítà kan ń kọ bá ń dínkù lójijì nínú kọ̀ǹpútà nígbà tí aláìsàn ẹ̀ ń pọ̀, CMD, ọ̀gá àgbà ọsibítù, á kàn béèrè ìlera ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ni, ó máa ń tó. Iná sì tún dá tiẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí owó iná Band A, ti àwọn tí iná ń pẹ́ lọ́dọ̀ wọn jù, gun òkè ní April 2024, láti bíi N68 sí N225 lórí yúnìtì kan, wọ́n jà díẹ̀ lórí ẹni tó ni fíríìjì tó ń jẹ iná jù, sólà ló gbà wọ́n.

Lábù yẹn ń ṣiṣẹ́ báyìí. Pépà dókítà ọmọbìnrin yẹn ṣì wà lára ògiri, àmì tó wà lórí ẹ̀ kéré gan-an. Ohun tó kù tó ń kọ mí lóminú ni ìparí àdéhùn, ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, ọdún 5 sì ti ń lọ. Ta ló ni ẹ̀rọ tọ́jọ́ yẹn bá pé? Wọ́n ti fẹnu kò lórí ìyẹn, ọsibítù máa ra èyí tó bá fẹ́ ní iye tó bá kù lórí ẹ̀. Èyí tí wọn ò tíì fẹnu kò lé lórí ni èsì àwọn aláìsàn, gbogbo ẹ̀ pátá, tó jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà kọ́ńpìnnì n'Íbàdàn ló ń sùn. Ẹni tó bá ní àrùn kídìnrín, èsì ọdún tó kọjá ni dókítà máa fi mọ̀ bó ṣe ń lọ. A ti kọ lẹ́tà pé kí wọ́n máa da ẹ̀dà ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tọ́sibítù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n fèsì pé kò sí wàhálà, kọ́sibítù ra kọ̀ǹpútà tó lè gbà á. Ọsibítù ní inú 70 ni kí wọ́n ti rà á, kọ́ńpìnnì ní inú 30 ni. Friday tó ń bọ̀ la máa tún pàdé lórí ẹ̀.